Ọjọ́ Tí Wọ́n Gún Ẹ̀fọn Àgbà

Ẹ̀fọn Àgbà ni àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń pè é lẹ́yìn, nítorí pé kò sí ẹni tí ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin yìí lè rí kó má fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ó ti fa ti aṣọ́bodè, ó ti fa ti ọ̀gá àgbà, kódà ó fa ti bàbá kan tó kàn wá tún fáànù ṣe. Láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ló ti ń wádìí àwọn àrùn ẹ̀jẹ̀ tí òbí ń bí mọ́ ọmọ, pàápàá fòníkú-fọ̀ládìde, ó sì ti di ẹni àpéwò nídìí rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni kò tíì fi ojú kàn, ìyẹn ni tirẹ̀. Ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ń bà á. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o, ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ohun tó gbé e dé ìdí iṣẹ́ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ọmọ méjì ni ìyá rẹ̀ bí lé e, ọkùnrin kan, obìnrin kan, fòníkú-fọ̀ládìde sì ni àwọn méjèèjì. Ọkùnrin kú ní kékeré. Obìnrin kò fi bẹ́ẹ̀ ṣàìsàn. Ó di aránṣọ, ó bímọ, ó tún wá sanra. Títí ìyá wọn fi kú, ohun tó ń tẹnu mọ́ ni pé òun mọ ọ̀kan tọ́jú, òun ò mọ ìkejì tọ́jú. Ọ̀rọ̀ yẹn dun Ẹ̀fọn Àgbà dọ́kàn. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ ìyá òun ló fà á, àbí ẹ̀jẹ̀.

Irú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ ń lò nínú oyún, tó yẹ kó ti dín kù lẹ́yìn ìbí, ṣì pọ̀ lára aránṣọ yìí. Òun ló ń dáàbò bò ó. Àmọ́ ara ẹni tí àrùn yìí ń dà láàmú a máa ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí náà tirẹ̀ nìkan kò tó láti fi hàn pé àjogúnbá ni. Àfi tí wọ́n bá rí i lára ọmọ ìyá rẹ̀ kan tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ta ló wá kù?

“Ẹ̀yin náà ni, mà,” ọ̀dọ́bìnrin tó ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní yàrá ìwádìí rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. “Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wí i.”

“Ẹ̀rọ àyẹ̀wò yẹn ò tíì gbóná.”

“Ó ti ń gbóná láti àárọ̀, mà.”

“Ó dáa, tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.”

Aránṣọ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́ wọn. Ó wá fún wọn ní ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa ń gbà lára rẹ̀ lọ́dọọdún. Ó gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀, ó lọ jókòó sórí àga ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì nawọ́ sí àga tí wọ́n ti ń fa ẹ̀jẹ̀.

“Àǹtí mi, ẹ jókòó síbẹ̀ yẹn.”

“Ìwọ la fẹ́ gbà lára ẹ̀ lónìí.”

“Láti kékeré lẹ ti ń gún mi. Ẹ ní bí ìgbà tí kòkòrò bá jẹni ni. Ẹ jẹ́ kí kòkòrò jẹ ẹ̀yin náà.”

“Ẹ̀jẹ̀ mi ń ru lónìí.”

“Ẹ jẹ́ ká gba díẹ̀ lára èyí tó ń ru yẹn.”

Ẹ̀fọn Àgbà wo ẹnu ọ̀nà. Ọ̀dọ́bìnrin yẹn ti lọ dúró síbẹ̀. Ó jókòó. Ká sòótọ́, kì í ṣe abẹ́rẹ́ nìkan ló ń bà á lẹ́rù. Bí ẹ̀rọ bá wò ó tí kò rí nǹkan kan, ọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ̀ bá kú lè jẹ́ òótọ́.

Wọ́n so rọ́bà mọ́ ọn lápá. Ó di ojú pinpin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún gbogbo ẹni tó ti gún rí.

“Ẹ má mira,” àbúrò rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Ṣebí abẹ́rẹ́ lèmi náà fi ń jẹun.”

“Ṣó ti wọlé?”

“Ó ti jáde, mà,” ni ọ̀dọ́bìnrin náà dáhùn.

Ẹ̀rọ kùn títí. Nígbà tó dákẹ́, ọ̀dọ́bìnrin náà wo ojú ẹ̀rọ, ó tún un wò. “Ó wà lára yín, mà. Ó pọ̀ gan-an.”

Ẹ̀fọn Àgbà dìde, ó wò ó fúnra rẹ̀. Ó bú sẹ́kún.

“Kí ló dé?” àbúrò rẹ̀ bi í. “Ṣé mo fẹ́ kú ni?”

“Wọ́n bí i mọ́ èmi àti ìwọ ni. Màmá ò ṣe nǹkan kan. Bí wọ́n ṣe tọ́jú ẹ náà ni wọ́n ṣe tọ́jú ọmọkùnrin wọn tó kú. Ẹ̀jẹ̀ ló yàtọ̀.”

Aránṣọ kò fi ìbínú fèsì rárá.

“Àǹtí mi, ẹ ò bá ti jókòó síbẹ̀ yẹn nígbà tí Màmá wà láyé.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń fi ọ̀rọ̀ gbá àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ padà sórí àga náà, ó ká aṣọ apá kejì sókè, ó sì nà án sí ọ̀dọ́bìnrin yẹn.

“Tún fà á,” ó wí. “Ẹ̀ẹ̀kan ò tó ẹ̀rí.”

Lọ́tẹ̀ yìí, kò di ojú.