Orúkọ Mẹ́gáàdì

Bí ẹ bá pe Díákónì Oyèkànmí ní Ọ̀gbẹ́ni lásán, kò ní dáhùn. Etí rẹ̀ ò di. Orúkọ ni kò pé. "Díákónì Engineer" là ń pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Riverdale, bẹ́ẹ̀ náà ló ń fẹ́ ẹ níbi iṣẹ́ ní Norcross, níbi tó ti ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn kan.

Password ti sú àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀: ọ̀kan fún fáìlì aláìsàn, ọ̀kan fún òògùn, ọ̀kan fún shift. Díákónì ní òun á fi Kerberos sọ gbogbo rẹ̀ di ẹyọ kan. Akọ̀wé ni Kerberos: nọ́ọ̀sì á wọlé lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀, ibi tó bá ní òun ń lọ, akọ̀wé á wá orúkọ ibẹ̀ nínú ìwé, á kọ ticket fún un. Joanna, ọ̀gá àgbà, ń bọ̀ wá wò ó ní aago mẹ́wàá Mọ́ńdè. Bó bá ṣiṣẹ́, Díákónì di olórí ẹ̀ka. Ó tilẹ̀ ti ṣe ìdúpẹ́ ipò náà ní Sọ́ńdè.

Ó ku ogójì ìṣẹ́jú, kọ̀ǹpútà ṣì ń bèèrè password.

"Uncle, ẹ jọ̀ọ́, orúkọ wo lẹ kọ sínú ìwé Kerberos?" Títílọpẹ́ ló bèèrè, ọmọ tí wọ́n bí síhìn-ín, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ mọ́kànlá sẹ́yìn.

"Ti àwọn server mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èmi ni mo sọ wọ́n lórúkọ: Balógun, Ọ̀tún, Òsì."

"Proxy tó wà níwájú wọn ńkọ́, èyí tí gbogbo nọ́ọ̀sì ń gbà kọjá kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wọn?"

Díákónì rẹ́rìn-ín. "Ọmọ yìí! Ta ló ń kọ orúkọ mẹ́gáàdì sínú ìwé ìjòyè?"

"Uncle, no vex. Kò sí nọ́ọ̀sì tó mọ Balógun. Orúkọ mẹ́gáàdì ni gbogbo wọn ń pè, Kerberos ò sì rí i nínú ìwé."

"Ó ṣiṣẹ́ nígbà tí mo dán an wò!"

"Ẹ̀yin lẹ lọ bá Balógun tààrà. Ẹ ò gba géètì kọjá."

Díákónì wo aago. "Ó dáa. Kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ pátápátá ni kó wà."

"Ìwé yẹn ò ní ìsàlẹ̀, sà."

Ó kọ ọ́, ó sì fún proxy ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀.

Ní aago mẹ́wàá, Nọ́ọ̀sì Yasmin ṣí ojú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níwájú Joanna. Ìkankan nínú wọn ò bèèrè password.

"Ó dára gan-an," ni Joanna wí. "Kí ló ti ń dá a dúró láti Fúráìdè?"

Díákónì wo Títílọpẹ́. Títílọpẹ́ ń wo bàtà ara rẹ̀, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ pé a kì í dójú ti àgbà. Ìyẹn gan-an ló kó ìtìjú bá Díákónì.

"Títílọpẹ́ ló rí ohun tó ń dá a dúró," ni Díákónì wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó pe orúkọ náà. Joanna ò tíì yíjú tó fi fi kún un: "Èmi ni mo kọ́ ọ."

Wọ́n fún Díákónì ní ipò náà. Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e, ó dúpẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó ń jáde, ó dúró lẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì, ó bi mẹ́gáàdì tó ti ń darí mọ́tò wa níbẹ̀ láti ọdún mẹ́jọ ní orúkọ rẹ̀.

"George."

Díákónì náà wá sọ tirẹ̀ fún George. Tirẹ̀ gùn díẹ̀.