Ọ̀rọ̀ Tí Wọ́n Fi Ọtí Sin

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá wa, ẹ foríjì í. Ìwà ọmọdé ló hù."

Egya Otoo, bàbá arúgbó tó ń ṣọ́ ilé ẹrù, ló ń bẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà. Araba tó ń torí rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọdé kọ́ ni Araba. Opó tó ń dá tọ́ ọmọbìnrin méjì, tó tún jẹ́ alábòójútó níbi tí wọ́n ti ń se ẹja inú agolo, kì í ṣe ọmọdé níbikíbi ní Sekondi, létíkun Gánà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì ti di ọmọdé nìyẹn, iye yòówù kí ọjọ́ orí rẹ̀ jẹ́.

Ìgò ọtí tí wọ́n mú wá wà lórí tábìlì. Ọ̀gá Dadzie ò tíì wò ó.

"Egya Otoo, ojú yín ló ṣe. Níwájú àwọn akọ̀wé, níwájú àwọn tó ń gbálẹ̀! Ṣé ẹgbẹ́ ẹ̀ ni mí ni?"

"Ẹ kì í ṣẹgbẹ́ ẹ̀, ọ̀gá. Ẹnu ẹ̀ ló ṣáájú orí ẹ̀."

Araba gbé e mì. Ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀ ò ju pé ó gba ọ̀gá gbọ́. Lọ́jọ́ àpèjọ òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní dọ́bà, ọ̀gá yìí kan náà ló gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, tó ní, "Ẹ sọ tinú yín. Ilé bàbá yín nìyí. Kò sẹ́ni tó máa fọ̀rọ̀ ẹnu jìyà." Gbogbo wọn wolẹ̀, àfi Araba tó dìde. Ó ní ìkòkò ńlá tí wọ́n fi ń se agolo ẹja, èyí táwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní Ìyá Àgbà, irin eyín tó ń di ìlẹ̀kùn rẹ̀ mú ti jẹ tán. Bí ooru bá ti kún inú rẹ̀, ìlẹ̀kùn á máa gbọ̀n, yóò sì já lu ẹnì kan lọ́jọ́ kan. Ó ní òun ti sọ fáwọn ọ̀gá kéékèèké títí, ẹnu ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó òun. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá náà pàtẹ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti gbọ́. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, wọ́n ti gbé Araba lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ ìfun ẹja, wọ́n ní kó máa retí ìwé gbélé-ẹ.

"Kì í ṣe ohun tó o sọ ló ń bí i nínú," Egya Otoo ti bá a wí lọ́jọ́ náà. "Ibi tó o ti sọ ọ́ ni. Inú yàrá la ti ń bá àgbà sọ irú ẹ̀, ẹnu àgbà bíi tiẹ̀ la sì ń gbà sọ ọ́."

"Òun ló kúkú ní ká sọ ọ́, bàbá!"

"Tí onílé bá ní kí àlejò ṣe bí ẹni tó wà nílé ẹ̀, ṣé àlejò á wá lọ máa ṣí ìkòkò ọbẹ̀ wò?"

"Ẹ̀yin náà wá fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá. Ìlẹ̀kùn yẹn ńkọ́?"

"Kọ́kọ́ gba ipò iṣẹ́ ẹ padà ná, ká tó sọ ti ìlẹ̀kùn."

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé ọtí wá.

"Ó dáa," Ọ̀gá Dadzie ní. "Kó fẹnu ara ẹ̀ sọ pé ohun tó sọ ò rí bẹ́ẹ̀."

Araba ronú kan àwọn ọmọ rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀. "Kò rí bẹ́ẹ̀, sà," ó ní. "Mo ṣì í sọ ni. Ẹ má bínú." Ojú tì í débi pé etí rẹ̀ ń gbóná.

Ọ̀gá ṣí ìgò, ó ta díẹ̀ sílẹ̀, ó mu, ó fún Egya Otoo, ó fún Araba náà. Ní Sekondi yìí, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ti mu ọtí ìpẹ̀tù lé lórí ti wọlẹ̀ sùn. Ẹni tó bá tún hú u jáde ti dá ìjà tuntun sílẹ̀, kò sì ní rí àgbà kankan tó máa bá a bẹ̀bẹ̀ mọ́.

Nígbà tó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, Fiifi, ọkùnrin tó ń ti ìlẹ̀kùn Ìyá Àgbà tó sì ń ṣí i, fijó pàdé rẹ̀.

"Àǹtí Araba! Mo rò pé ìfun ẹja ti gbé yín mì ni!"

"Ìwọ ló máa gbé mì, aláwàdà."

"Ìlẹ̀kùn wa ńkọ́? Kí ni wọ́n wí?"

Araba ya ẹnu, ó sì rántí ọtí àná. "Wọ́n ti gbọ́," ó ní. "Wọ́n máa ṣe é."

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yin nìkan lẹ láyà níbí."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún un ju èébú lọ. Láti ọjọ́ náà, ó ń wá ìdí dúró nítòsí Fiifi, á ní kó dín ooru kù, kó má sún mọ́ ibẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n ọdún Àjíǹde ń bọ̀, àwọn oníbàárà ń béèrè ẹja, ọ̀gá sì ní kí wọ́n má dá iná dúró. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí wọ́n pe Araba sí ilé ẹrù, Ìyá Àgbà já ìlẹ̀kùn rẹ̀ dànù. Ooru omi híhó bo Fiifi látorí dé ẹsẹ̀. Ó ti dákẹ́ kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣe ìjókòó ọ̀fọ̀ tó pé ọ̀sẹ̀ kan tó kú, àwọn ará ilé iṣẹ́ kó ara wọn lọ sí ilé ẹbí rẹ̀. Ọ̀gá Dadzie ró aṣọ dúdú. Wọ́n fún wọn ní omi, wọ́n mu, agbẹnusọ ẹbí sì béèrè ohun tó gbé wọn wá, bó ṣe yẹ. Egya Otoo ló dìde dáhùn lórúkọ ọ̀gá.

"Àmúwá Ọlọ́run ni. Ẹ̀rọ yẹn ò lárùn kankan tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó ké gbàjarè nípa ẹ̀ rí."

Kò wo apá ibi tí Araba wà.

Ìyá Fiifi, tó jókòó sórí ẹní nínú aṣọ pupa tí wọ́n fi ń ṣọ̀fọ̀, gbé orí sókè. "Ta ló ń jẹ́ Araba nínú yín?"

"Èmi ni, mà."

"Ìwọ lọmọ mi máa ń sọ ṣáá. Mo ní kó fi iṣẹ́ ìkòkò yẹn sílẹ̀, pé ẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí. Ó ní, 'Màámi, ẹ fọkàn balẹ̀. Àǹtí Araba ti bá wọn sọ ọ́, wọ́n máa ṣe é, ẹnu ẹ̀ ni mo ti gbọ́.' Ṣé òótọ́ ni?"

Egya Otoo wúkọ́. "Araba, rántí pé a ti parí..."

Araba rí ojú ọ̀gá. Ó mọ̀ pé bí òun bá ti la ẹnu, iṣẹ́ ti lọ nìyẹn. Omijé dà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n.

"Mo sọ fún wọn, mà. Lẹ́yìn náà mo lọ kúnlẹ̀, mo ní irọ́ ni mo pa, kí wọ́n má baà lé mi. Mo wá tan Fiifi pé wọ́n máa ṣe é."

Ẹnì kan pòṣé. Ọ̀gá Dadzie dìde, ó ní, "Araba, bọ́ síta ká sọ̀rọ̀."

Ìyá Fiifi kò ṣépè, kò sunkún. Ó fi etí aṣọ nu ojú, ó ní kí wọ́n gbé àpótí ìjókòó kan fún Araba.

"Jókòó," ó ní. "Sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀, kí ẹbí gbọ́."

Araba kẹ̀yìn sí ọ̀gá rẹ̀, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ìlẹ̀kùn náà kọ́kọ́ gbọ̀n.