Àpò Tí Àǹtí Abẹ́rẹ́ Tú Tó Tún Rán

Ọ̀ràn tó mú kí Àǹtí Abẹ́rẹ́ má lè wo ojú ọmọ ọdún mẹ́wàá, àfọwọ́fà ni, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe jẹ́.

Iṣẹ́ ọwọ́ ló ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé. Lọ́dún yẹn, àpò ni wọ́n ṣe: aṣọ ni ara rẹ̀, igi ni ìdìmú rẹ̀, wáyà ni wọ́n tẹ̀ fi ṣe ìkọ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń lo ọwọ́ òsì. Igi tó gbẹ́ ń dán bí ẹyin, ìkọ́ rẹ̀ gún régé, àmọ́ ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń lọ kọ́lọkọ̀lọ. Nígbà tó ku ọ̀la kí àwọn òbí wá wo iṣẹ́, Àǹtí wo àpò náà títí. "Wọ́n á ní mi ò mọ̀ ọ́n kọ́ ni o." Ló bá mú sísọ́ọ̀sì, ó tú u, ó tún un rán. Ẹ ò rí nǹkan!

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ fa ìyá rẹ̀ wọlé. "Màámi, tèmi rèé!" Ó yí inú àpò síta, ẹ̀rín bá kú lójú rẹ̀. Òwú tirẹ̀, tó ń fọwọ́ òsì rán, máa ń dà sápá kan. Èyí dà sápá kejì, bíi ti ẹni tó fọwọ́ ọ̀tún rán. Ó wo Àǹtí.

Ìyá ti ń yọ̀ ní tiẹ̀. "Háà! O ti fi ọwọ́ ọ̀tún rán nǹkan nìyẹn! Ṣé mi ò sọ fún ẹ? Àǹtí, ẹ ṣé gan-an. Tó bá tún fòsì mú nǹkan nílé mi, màá de ọwọ́ náà mọ́ ọn lẹ́yìn."

"Màámi, òsì ni mo fi rán tèmi."

"Dákẹ́ ńbẹ̀, òpùrọ́!"

Ọ̀gá ilé-ìwé wà níbẹ̀, àwọn òbí kún fọ́fọ́. Tí Àǹtí bá dákẹ́, ọmọ lòpùrọ́. Tó bá sọ̀rọ̀, òun ni.

"Ẹ má bú u, Màmá. Kò purọ́. Èmi ni mo tú iṣẹ́ rẹ̀, tí mo tún un rán. Mi ò fẹ́ kójú tì mí ni."

Bàbá kan ní ẹ̀yìn bú sẹ́rìn-ín: "Áà, tísà gan-an ló ń ṣe òjóró!"

Ọmọ ò rẹ́rìn-ín. Ó mú sísọ́ọ̀sì, ó jókòó, ó ń tú òwú Àǹtí kúrò.

Àǹtí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ọmọ mi, jẹ́ n bá ẹ di aṣọ mú."

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Ẹ fi sílẹ̀. Màámi ló máa dì í mú."

Ìyá wo ọwọ́ òsì yẹn, ó kúnlẹ̀, ó di aṣọ náà mú.