Àwọn Tí Ojúlówó Pa Orúkọ Wọn Rẹ́

Ó pẹ́ tí mo ti kúrò níbi iṣẹ́ yẹn, síbẹ̀ bí mo bá rí ìka olóròóró lórí kíbọ́ọ̀dù, mo máa ń gbójú kúrò. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mò ń rántí. Ojúlówó là ń pè é, torí kò sí ohun tó ń tà tí kì í sọ pé ojúlówó ni. Á jẹ adìyẹ díndín tán, á lá ìka, á sì máa tẹ kọ̀ǹpútà wa lọ.

Òkè ilé àwọn alágbàfọ̀ la ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ló dá ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà wa sílẹ̀, èmi ni igbákejì rẹ̀. Apá wa kò ká ètò kọ̀ǹpútà olówó ńlá, nítorí náà èyí tí àwọn èèyàn kọ sí gbangba la ń lò, tí ẹnikẹ́ni lè mú lọ́fẹ̀ẹ́, kó tún un ṣe bó ṣe wù ú. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún: má pa orúkọ àwọn tó kọ ọ́ rẹ́. Kí ẹ̀gbọ́n mi tó fọwọ́ kan ètò kan, á ka orúkọ wọn sókè.

"A kì í wọ ilé onílé ká má kí i," á ní.

Ojúlówó á bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé kí n bá yín pe àwọn òkú wọn náà mọ́ ọn?"

Nígbà tó yá, obìnrin apoògùn kan tó ní ṣọ́ọ̀bù káàkiri ìlú fẹ́ ètò tí yóò máa sọ oògùn tó ti bà jẹ́ fún un. Bí kò bá gba tiwa, a ó palẹ̀ mọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n mi mú ọ̀kan nínú àwọn ètò ọ̀fẹ́ yẹn, ó tún un ṣe dáadáa. Ojúlówó ló lẹ́nu, òun ló sì fi han apoògùn nígbà tí a lọ bá a ní ọ́fíìsì rẹ̀.

"Èmi ni mo kọ ọ́ látòkè délẹ̀, mà. Ojúlówó ni."

Mo wo ojú ìwé tí orúkọ àwọn tó kọ ètò náà máa ń wà. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló kù níbẹ̀. Ó ti pa gbogbo ìyókù rẹ́.

"Àmì kékeré ìsàlẹ̀ yìí ńkọ́?" ni apoògùn bi í.

Ojúlówó kò mọ̀ ọ́n, kò tẹ̀ ẹ́ rí. Obìnrin náà tẹ̀ ẹ́. Orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí lókè: *Àwa tí a kọ ọ́ nìyí.*

Ojúlówó lá ìka rẹ̀. "Àwọn ọmọṣẹ́ mi ni."

Mo gbójú kúrò lára ìka náà.

Apoògùn kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Ìyàwó, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni" kan péré ni yóò gba iṣẹ́ náà fún wa. Ẹ̀gbọ́n mi wo ọkọ rẹ̀, ó wo ilẹ̀.

"Rárá, mà. Àwọn wọ̀nyí ló kọ ọ́, èmi ni mo tún un ṣe. Ọ̀fẹ́ ni ètò náà, iṣẹ́ ọwọ́ wa lẹ ó sanwó fún."

"O ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè pa orúkọ èèyàn rẹ́ báyìí, kí ni kò ní jẹ́ kó pa ọjọ́ tí oògùn máa bà jẹ́ rẹ́?" Ó dìde, ó ṣílẹ̀kùn fún wa.

Lórí àtẹ̀gùn, Ojúlówó ń kùn. "Ìwọ lo bà á jẹ́."

"Ẹni tó jí kàkàkí ọba," ni ẹ̀gbọ́n mi fèsì, "níbo ló fẹ́ ti fọn ọ́n?"

Lọ́jọ́ tí a ń palẹ̀ mọ́, ẹ̀gbọ́n mi mú àkísà, ó ń nu kíbọ́ọ̀dù. Ó nù ún, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tún nù ún. Nígbà tó yá, ó ju kíbọ́ọ̀dù náà sínú pàǹtírí.