Ẹni Tó Wà Lókè Òpó

Ìka Tẹjúmádé ti tẹ bọ́tìnnì kí ọkàn rẹ̀ tó ní kó dúró. Ojú kọ̀ǹpútà dúró gbagidi. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Òfo.

"Yéè! Mo gbé!"

Láti yàrá rẹ̀ ní Fẹ́sítáàkì ló ti ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì mẹ́fà. Láàárọ̀ yìí, ó fẹ́ dí ọ̀nà kan lórí ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì, ní ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, kí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ yéé fi íntánẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì wo fíìmù. Gbogbo ọ̀nà ló dí pátá, títí kan èyí tí òun fúnra rẹ̀ ń gbà wọlé. Ẹni tó ti lo ọdún mẹ́sàn-án lẹ́nu iṣẹ́!

Fóònù dún. Àǹtí Ẹ̀bùnlọlá ni, ẹni tó ni ilé àyẹ̀wò náà.

"Tẹjú, kò sí nǹkan tó ń ṣiṣẹ́ níbí o! Èsì àwọn èèyàn ò jáde!"

"Ẹ má bínú, mà. Ó jọ pé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fún yín ní íntánẹ́ẹ̀tì ló ti wá. Mo ń bọ̀."

Wẹ́rẹ́ ni irọ́ náà jáde. Lóṣù tó kọjá, obìnrin yìí ti kìlọ̀ fún un pé bí iṣẹ́ bá tún dúró lẹ́ẹ̀kan péré, òun á wá ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ìdajì oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ti ń wá.

Ó gbé láàpútọ́ọ̀pù, ó kó sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ara rẹ̀ ò balẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ló máa fi tún un ṣe, ta ló máa mọ̀? Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tirẹ̀ ò ní ju wákàtí kan lọ, kí òtítọ́ máa wá bọ̀.

Ó dé ẹnu géètì, ó gbójú sókè. Òjò ti ń kán, atẹ́gùn ń mi òpó irin tó gbé ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì dúró lórí òrùlé, èèyàn sì lẹ̀ mọ́ ọn lókè téńté bí aláǹgbá. Bọ̀dá Dáúdà ni, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ tó ń fún wọn ní íntánẹ́ẹ̀tì.

"Èmi ni mo pè wọ́n," ni Àǹtí Ẹ̀bùnlọlá wí. "Mo ní bí wọn ò bá tún un ṣe kí aago méjìlá tó lù, a máa pín gààrí."

Tẹjúmádé sáré lọ sídìí ráútà. Ó fi wáyà so láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ mọ́ ọn. Ó ṣí ohun tó dí.

"Ó ti dé!" ni àwọn òṣìṣẹ́ pariwo. "Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ó ti dé!"

Dáúdà sọ̀ kalẹ̀, aṣọ rẹ̀ tutù rinrin, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kan ti bó.

"Kí ló ṣe é?" Àǹtí Ẹ̀bùnlọlá bi í.

Dáúdà ní, "Wáyà kan ló tú lókè, mà. Mo ti dè é."

Wáyà wo? Tẹjúmádé wò ó, ó sì ń ká wáyà tirẹ̀. Ó ti bọ́! Inú rẹ̀ dùn, ojú sì tì í pé inú òun dùn.

Nígbà tí wọ́n jáde, Dáúdà sún mọ́ ọn lẹ́nu géètì.

"Àǹtí Tẹjú, ẹ ṣé o. Ẹ̀yin mọṣẹ́, ẹ mọ̀ pé irọ́ ni mo pa, ẹ ò sì tú àṣírí mi. Mi ò rí nǹkan kan lókè yẹn. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní mi ò mọ nǹkan tí mò ń ṣe, ìyàwó mi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ." Ó ń fi etí ẹ̀wù nu ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ rẹ̀. "Ọlọ́run á san án fún yín."

Ó na ọwọ́ kejì, èyí tí kò bó, kí wọ́n jọ bọwọ́.

Tẹjúmádé ò lè gbà á.

"Bọ̀dá Dáúdà," ó ní, "ẹ má tíì dúpẹ́."