Gbàǹjo Kò Mọ Àgbà

Bí ẹ bá fẹ́ rí ibi tí ọ̀wọ̀ ti ń pa ọjà, ẹ wọ gbàǹjo orí wásáàpù tí àwọn ará Ìkìrun, Inísà àti Òkukù jọ ń ṣe. Ẹni tó ní nǹkan títà á gbé àwòrán rẹ̀ síbẹ̀, àwọn èèyàn á máa fi owó lé owó, ẹni tí tirẹ̀ bá ga jù ló ni ín. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Àmọ́ Díákónì Àjàní wà níbẹ̀, alálòkù ará Ìkìrun tó ń fi àdúrà bo ọ̀kánjúwà mọ́lẹ̀. Kí ọjà tó gbóná, á ti kọ iye tí kò tó ra ìdérí ohun tí wọ́n ń tà, á wá fi kún un pé, "Olúwa á bù kún wa." Gbogbo ẹnu á pa dé.

"Ẹ máa mú un lọ, Dádì."

"Àwa ọmọ yín ò lè bá yín du nǹkan, sà."

Lọ́jọ́ kejì, nǹkan ọ̀hún á ti wà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta.

Ìtùnúolúwa ará Inísà fẹ́ ta fíríìsà rẹ̀. Iná kì í dúró kí omi tó dì nínú rẹ̀. Ààrò búrẹ́dì kan ní Òkukù ló wà lọ́kàn rẹ̀, obìnrin tó ni ín sì ti ní òun ò ní dúró kọjá Sátidé. Bí fíríìsà bá lọ lọ́pọ̀, ààrò bọ́ nìyẹn.

Ó fọ fíríìsà, ó ya àwòrán rẹ̀ nínú oòrùn, ó sì ya ibi tó ti họ pẹ̀lú, kí ẹnikẹ́ni má baà pè é ní onírọ́. Ìgbà tí àwọn èèyàn ti ti ṣọ́ọ̀bù ló gbé e síta. Owó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé ni Díákónì yọjú: "Ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún. Olúwa á bù kún wa."

Kẹ́kẹ́ pa.

Ìtùnúolúwa kọjú sí Ẹ̀rínọlá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ onídìrí, tó jókòó tì í. "O ò ṣe fi kún un? Ìwọ náà kúkú ń wá fíríìsà."

"Lórí ti Dádì? Àwọn tó gbàdúrà níbi ìsọmọlórúkọ ọmọ mi?"

"Ọjà là ń ná, a ò dọ̀bálẹ̀ kí àgbà."

"Obìnrin kì í dọ̀bálẹ̀, òmùgọ̀."

Ìtùnúolúwa pòṣé. Àwọn ọlọ́wọ̀! Bí olè bá ti lè hewú, wọ́n á bá a ru ẹrù. Ó mú fóònù, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ẹ jọ̀ọ́, a tún un bẹ̀rẹ̀. Kí kálukú fi iye tirẹ̀ ránṣẹ́ sí èmi nìkan. Iye ni màá kọ síta, mi ò ní kọ orúkọ títí ọjà á fi parí."

Ẹnu tó ti kú jí. Fóònù ń gbọ̀n bí ẹni ibà ń ṣe. Ẹ̀rínọlá alára kọ̀yìn sí i, ó ń tẹ tirẹ̀ bíi pé wọn ò jọ jókòó. Àádọ́rin. Ọgọ́rùn-ún. Díákónì ń lé wọn bọ̀, nígbà tó yá ó pè.

"Ìtùnú, ta ló ń bá mi du nǹkan yìí?"

"Mo ti ní mi ò ní dárúkọ, sà."

"Ṣé ó mọ̀ pé èmi ni?"

"Kò mọ̀, sà. Ìdí nìyẹn tó fi ń ná an."

Díákónì pa fóònù. Ìgbéraga gùn ún, ó fò dé àádọ́jọ ẹgbẹ̀rún. Kò sẹ́ni tó bá a débẹ̀. Nígbà tí Ìtùnúolúwa dárúkọ ẹni tó gbà á, gbogbo wọn bú sí i: "Ẹ kú oríire, Dádì!"

Ní ọjọ́ Ẹtì, ó gbé ọkọ̀ wá sí Inísà, ojú rẹ̀ le bíi gúgúrú tó kọ̀ tí kò bẹ́.

"O ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé," ló sọ, bó ti ń sanwó.

Ìtùnúolúwa ka owó náà, ó kì í sápò. Ó ti ń fi ẹsẹ̀ wọn ibi tí fíríìsà ti kúrò, ó ń wò ó bóyá ààrò á gba ẹnu ọ̀nà wọlé.