Ìka Tó Mì Lánàá

"Ẹ dá mi lóhùn, bàbá!" Dókítà fi ìdí bíírò tẹ èékánná ọkùnrin náà. Ó tẹ̀ ẹ́ títí èékánná fi funfun. Ọkùnrin náà kò mira. Ẹ̀rọ tó ń bá a mí kàn ń gbé àyà rẹ̀ sókè, ó ń sọ ọ́ kalẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì tó dúró níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì di ìwé rẹ̀ mú gírígírí. "Àmọ́ mà, lánàá tí mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó gbé ìka."

"Iṣan ló ń fò fúnra rẹ̀. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀." Ohùn dókítà kò le. "Wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń já wálẹ̀ látàárọ̀, pẹ̀lú gbogbo oògùn tí à ń fún un. Bó bá pẹ́ jù, ìrọ̀lẹ́ òní ni. Màá bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ tí mo bá jáde ní tíátà."

Ó lọ. Aago mọ́kànlá ti lù, iṣẹ́ abẹ tó ń lọ ṣe kò sì lè tán kó tó di aago mẹ́rin.

Ọ̀sẹ̀ kejì akẹ́kọ̀ọ́ náà rèé ní wọ́ọ̀dù àwọn tó wà láàárín ikú àti ìyè. Oníwèé ni wọ́n ń pè é, nítorí kò sóhun tí wọ́n ṣe tí kì í kọ sílẹ̀. Kó wẹ aláìsàn, kó yí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó kọ iye tó wà lójú ẹ̀rọ ní wákàtí wákàtí, iṣẹ́ rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mátírọ́ọ̀nù sì ti fà á létí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé kò gbọdọ̀ sọ bí ara aláìsàn ṣe rí fún ẹbí. Ṣùgbọ́n lánàá, àánú ìyàwó ọkùnrin yìí ṣe é, ọ̀rọ̀ sì já bọ́ lẹ́nu rẹ̀: "Mà, wọ́n gbé ìka!" Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Láàárọ̀ yìí ni obìnrin náà dì mọ́ ọn lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọmọ mi, ire ni yóò máa bá ẹ! Àkọ́bí wa ti wọkọ̀ lánàá láti wá rí bàbá rẹ̀. Mo ní kó padà síbi iṣẹ́ ẹ̀, pé bàbá ti ń jí."

Ìrìn wákàtí márùn-ún ni ibi iṣẹ́ ọ̀hún.

Bí dókítà ṣe jáde, akẹ́kọ̀ọ́ náà lọ bá Mátírọ́ọ̀nù níbi tó ti ń fa itọ́ lọ́nà ọ̀fun aláìsàn mìíràn. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó dá ọmọ padà nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu mi."

"Ìwọ lo ṣe dókítà lánàá, o tún fẹ́ ṣe é lónìí? Dúró de dókítà."

"Ọmọ náà lè máà bá a mọ́, mà."

"Mo mọ̀," ni Mátírọ́ọ̀nù wí. Kò gbójú sókè. "Èmi náà ò lè fi ẹni tó wà lọ́wọ́ mi yìí sílẹ̀."

Akẹ́kọ̀ọ́ náà padà sídìí bẹ́ẹ̀dì, ó kọ iye tó wà lójú ẹ̀rọ. Ó tún ti já sí i. Ó fi òwú tútù nu ètè ọkùnrin náà, nítorí ìyẹn nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe. Ojú ń tì í, ẹ̀rù sì ń bà á. Ó gbé ìwé kalẹ̀, ó jáde.

Ìyàwó ọkùnrin náà sún lórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà kó lè ráyè jókòó. "Ó ti lajú?"

"Rárá, mà. Mo ṣì í sọ lánàá. Ìka tí mo rí yẹn, kì í ṣe pé wọ́n ń jí. Ara wọn ò dáa rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe ọmọ yín, kó máa bọ̀ báyìí báyìí."

"Ta ló rán ẹ sí mi?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, mà."

Obìnrin náà fa fóònù yọ, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì fi í lé e lọ́wọ́ bó ṣe ń dún. "Ẹnu tó sọ tàná ni kó sọ tòní. Èmi ò lè sọ ọ́."

"Màmá!" Ohùn àkọ́bí náà kún fún ayọ̀. "Gbogbo ibi iṣẹ́ ló ń kí yín kú oríire o. Ẹ gbé fóònù fún bàbá, ẹ jẹ́ n kí wọn."

"Ẹ má bínú, bọ̀dá," ni akẹ́kọ̀ọ́ náà wí. "Kì í ṣe màmá ló ń sọ̀rọ̀."